Ẹ Má Nu Gbogbo Eruku Rẹ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n fi àwòrán kan bẹ̀rẹ̀. Abà kan ni, ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 2014. Òkìtì ìwé ìròyìn àtijọ́ wà níbẹ̀, eruku sì bo gbogbo rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn da èlùbọ́ sílẹ̀. Abẹ́ òkìtì ìwé yẹn ni ọkọ̀ kan wà. Kì í ṣe ọkọ̀ lásán o. Ferrari ni, èyí tí wọ́n ń pè ní 250 GT California Spider, tí wọ́n ṣe ní 1961, tó ti fìgbà kan jẹ́ ti Alain Delon, gbajúmọ̀ òṣèré ilẹ̀ Faransé. Ọ̀gbẹ́ni Roger Baillon tó ni ín gbẹ̀yìn ti fi owó iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ra ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́ láti nǹkan bíi 1950 sókè, torí ó fẹ́ fi wọ́n dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀. Nígbà tó di 1970 sókè, iṣẹ́ rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ò ṣeé ṣe mọ́. Àwọn tó kù, nǹkan bí 60 ọkọ̀, jókòó síbẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé, òjò ń pa àwọn kan, ewéko ń lọ́ mọ́ àwọn mìíràn.

Ní oṣù kejì ọdún 2015, wọ́n kó wọn lọ sí gbàǹjo ní Paris. Ferrari yẹn nìkan pa owó tó lé ní mílíọ̀nù 16 yúrò. Ẹ sì fetí sí èyí: ẹnikẹ́ni ò fọ̀ ọ́. Bí eruku ṣe wà lára rẹ̀ lábà ni wọ́n ṣe gbé e dé iwájú àwọn olówó. Ká ní ilé tiwa ni, ọmọ tó kéré jù là bá kọ́kọ́ rán pé kó lọ pọn omi wá, kó má sì gbàgbé ọṣẹ.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 2017, wọ́n tún gbé òmíràn jáde nínú abà kan ní Jàpáànù. Ferrari 365 GTB/4 ni, tí ayé mọ̀ sí Daytona, tí wọ́n fi alumíníọ́mù ṣe bọ́dì rẹ̀. Nínú àwọn Daytona tí wọ́n ṣe fún ìrìn ojú títì, òun nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ fún nǹkan bí 40 ọdún. Wọ́n tà á ní Maranello, ó lé ní mílíọ̀nù 1.8 yúrò, eruku náà sì bá a lọ.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, ẹ̀rín ni mo rín. Ṣé eruku náà ti wá di ọjà ni? Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà nípa rẹ̀ sí i ni ẹ̀rín náà ń tán lẹ́nu mi. Ìbéèrè gidi wà níbẹ̀: bí a bá ń tún ohun àtijọ́ ṣe, kí gan-an là ń tún ṣe, kí la sì ń pa?

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní Modena, ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Ítálì. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Enzo Ferrari sí ní 1898. Ó ti fi ọkọ̀ Alfa Romeo sáré ìje. Ní 1929 ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀, Scuderia Ferrari, sílẹ̀. Ogun Àgbáyé Kejì ti parí kí ọkọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ tó jáde: 125 S, lọ́dún 1947, láti Maranello tí kò jìnnà sí Modena. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà 12, bẹ́ẹ̀ gbogbo inú rẹ̀ ò ju lítà kan àbọ̀ lọ. Gioachino Colombo ló ya àwòrán rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Colombo yìí, bí wọ́n ṣe ń fẹ̀ ẹ́ sí i, ni baba ńlá èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tí mo máa sọ̀rọ̀ wọn níwájú. Bí ẹ bá sì rí "250" lára orúkọ ọkọ̀ wọn, ìwọ̀n inú sílíńdà kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ. Ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà 12, ó di nǹkan bíi lítà mẹ́ta.

Kí ẹ má rò pé ọkọ̀ títà ló ká Enzo lára o. Eré ìje ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ń ta ọkọ̀ fún olówó kó lè rówó fi sáré ni. Ọkọ̀ ìje tó bá ti ṣe tirẹ̀ tán, lójú tiẹ̀, ó ti lọ nìyẹn.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ jù kì í ṣe òun. Sergio Scaglietti ni, tí wọ́n bí ní 1920, tó kú ní 2011. Pininfarina ní Turin ló sábà ń ya àwòrán bọ́dì, Scaglietti ní Modena ló ń lù ú. Lílù ni mo wí. Páànù alumíníọ́mù pẹlẹbẹ, àpò tí wọ́n rọ yanrìn sí, àti òòlù. Wọ́n á gbé páànù lé àpò yanrìn, wọ́n á máa lù ú díẹ̀díẹ̀ títí á fi tẹ̀ bọ́ sí ìrísí tí wọ́n ń fẹ́, wọ́n á wá jó o mọ́ èkejì. Battilastra ni wọ́n ń pe oníṣẹ́ yẹn ní Ítálì, ìyẹn ẹni tó ń lu páànù. Ṣé panẹ́bítà náà kọ́ nìyẹn? Orúkọ kan náà, ariwo kan náà, àfi pé ti Modena kì í ṣe ibi tó tẹ̀ ló ń lù jáde, odindi ọkọ̀ ló ń lù wá sáyé.

Nítorí pé ojú àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, apá ọ̀tún ọkọ̀ kì í bá apá òsì dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Ibì kan á ga ju èkejì lọ bí ìbú ìka, iná iwájú kan á súnmọ́ àárín ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Ẹ mú 250 GTO, tó jẹ́ olórí gbogbo wọn. 36 péré ni wọ́n ṣe láàárín 1962 sí 1964. Giotto Bizzarrini ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí òun àti àwọn ọ̀gá mìíràn bá ilé iṣẹ́ náà jà tí wọ́n sì kúrò ní 1961, Mauro Forghieri, tí kò tíì pé ọmọ 30 ọdún, àti Scaglietti ló parí rẹ̀. Kábúrétọ̀ Weber mẹ́fà, agbára tó tó ti ẹṣin 300. Ẹni tó bá wọn méjì nínú wọn kò ní rí méjì tó bára mu pátápátá. Ní 2019, ilé ẹjọ́ kan ní Bologna dá a pé iṣẹ́ ọnà ni, ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé. Bí oníṣẹ́ òde òní bá gbé kọ̀ǹpútà dé, tó wọn ọ̀tún, tó wọn òsì, tó mú kí wọ́n dọ́gba rẹ́gírẹ́gí, ọkọ̀ náà á gún ju bí Scaglietti ṣe ṣe é lọ. Àmọ́ ó ti pa ọwọ́ Scaglietti rẹ́. Àwa tí a ń kọ́ Yorùbá mọ irú ẹ̀ dáadáa. Ẹ gba ohùn ọdẹ àgbà kan sílẹ̀, ó sun ìjálá ní ẹ̀ka-èdè rẹ̀, ẹ dé yàrá, ẹ wá "tún un ṣe" sí Yorùbá àjùmọ̀lò, gbogbo àmì ohùn pé pérépéré. Ó mọ́ lóòótọ́. Ta ló wá sun ún?

Ká tó bínú sí àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe ṣá, ká rántí pé ayé ti fìgbà kan dà wọ́n nù. GTO tuntun tó nǹkan bí 18,000 dọ́là ní Amẹ́ríkà, àmọ́ ọdún díẹ̀ sí i, ọkọ̀ àlòkù ni. Wọ́n fi ọ̀kan ta ilé-ìwé girama kan lọ́rẹ ní ìlú Victoria, ní Texas. GTO nílé-ìwé girama! Ní 1972 wọ́n tà á ní 6,500 dọ́là. Ẹni tó rà á gbé e sórí tírélà kékeré ní pápá gbalasa kan ní Ohio, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún òjò àti yìnyín ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ní 2018, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pa mílíọ̀nù 48.4 dọ́là ní gbàǹjo. Ní 2023, òmíràn pa mílíọ̀nù 51.7.

Yorùbá ní ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Enzo kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1988, ẹni 90 ọdún. Bó ṣe kú báyìí ni owó ọkọ̀ rẹ̀ fò sókè. Ní 1989 wọ́n ta GTO kan ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là. Kò pẹ́ tí ọjà náà fi ṣubú lulẹ̀ pẹ̀ẹ́, ẹni tó yáwó ra tirẹ̀ jẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n ayé ti mọ̀ pé owó wà nínú irin àtijọ́ yìí.

Ìmọ̀ yẹn ló bí ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí. Láàárín 1960 sí 1963, Ferrari ṣe ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní 250 GTE. Oníjókòó mẹ́rin ni, ọkọ̀ baálé ilé tó lówó tó sì ní ọmọ. Wọ́n ṣe é tó 950. Ẹ́ńjìnnì Colombo lítà mẹ́ta, ọmọ ìyá ti GTO, ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò kà á sí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pa á. Wọ́n á bọ́ bọ́dì rẹ̀ dànù, wọ́n á gé ṣáàsì rẹ̀ kúrú, wọ́n á lu bọ́dì GTO tàbí ti California lé e, ó di ayédèrú arẹwà. Tàbí kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún ọkọ̀ mìíràn tó gbówó lórí jù ú lọ tó ń fẹ́ àtúnṣe. Ẹ ò rí i? Ọ̀kan jíǹde, ọ̀kan kú. Àwọn kan sì ń pe ìyẹn náà ní ìfẹ́ ohun àtijọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn GTE yìí bọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tiẹ̀ kó dùn mọ́ wa nínú díẹ̀. Ọlọ́pàá ìlú Róòmù ló ni ín. Armando Spatafora, ọlọ́pàá kan tó mọ ọkọ̀ wà bí idán, ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́ kó máa fi lé olè, dúdú ni wọ́n kùn ún. Ó bá wọn ṣiṣẹ́ títí di 1968. Wọ́n ní ó lé olè kan sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn Piazza di Spagna tààrà, bóyá òótọ́ ni bóyá àsọdùn ni, àwọn ará Róòmù ṣì ń sọ ọ́. Àbí ta ló fẹ́ gé ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrú?

Àwọn tó mọṣẹ́ lónìí ti ń yí ọwọ́ padà. Ní 2013, FIVA, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọkọ̀ àtijọ́, fọwọ́ sí ìwé ìlànà kan ní Turin. Títọ́jú ohun tó wà nílẹ̀ ló fi ṣáájú, àtúnṣe ń tẹ̀ lé e. Ohun tí èèyàn bá sì ṣe sí ọkọ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹni ẹ̀yìn ọ̀la lè mọ̀. Ó rọrùn lórí ìwé. Ẹ wá wò ó lábẹ́ ọkọ̀.

Ẹ mú ọ̀dà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé pupa ni gbogbo Ferrari. Pupa ni àwọ̀ ọkọ̀ ìje ilẹ̀ Ítálì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tí wọ́n tà fún èèyàn jẹ́ búlúù, eérú, funfun, kódà àwọ̀ igi. Nígbà tí owó wọn gun òkè ni àwọn kan kùn wọ́n ní pupa kó lè tètè tà. Oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n á wá kọ̀rọ̀ kan tí ojú kì í tètè dé, bóyá abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, á fi sáńpépà tó kúnná ha á jẹ́jẹ́ títí àwọn ọ̀dà tí wọ́n kùn léra á fi yọ ní òrùka-òrùka, bíi ti igi tí a gé. Pupa lókè, búlúù lábẹ́ rẹ̀, ti ìsàlẹ̀ pátápátá sì ni ti ọjọ́ ìkómọjáde. Ibẹ̀ ló ti ń mọ ọjọ́ orí ọkọ̀.

Tàbí ẹ mú bọ́dì Touring ti Milan, tí wọ́n ń pè ní Superleggera, ìyẹn "fúyẹ́fúyẹ́." Àwọn ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe egungun rẹ̀, wọ́n wá fi alumíníọ́mù bò ó bí awọ ìlù. Alfa Romeo tó rẹwà jù lójú tèmi, 8C 2900B ti ọdún 1930 sókè, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bọ́dì rẹ̀. Ṣùgbọ́n irin àti alumíníọ́mù kì í fara kanra nínú ọ̀rinrin kó má bà jẹ́. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, irin inú ti dípẹtà, alumíníọ́mù ti jẹ ní etí tí wọ́n ti pàdé, bẹ́ẹ̀ awọ òkè ṣì ń dán. Kí lèèyàn á ṣe? Bó bá fi sílẹ̀, á jẹrà láti inú. Bó bá ṣí awọ náà kó lè dé egungun, awọ tí wọ́n fi ọwọ́ lù láti bí 80 ọdún sẹ́yìn lè ya. Kò sí ìwé ìlànà tó lè bá a gbé òòlù yẹn.

Ferrari fúnra rẹ̀ dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní 2006, Ferrari Classiche, láti máa tún àwọn ọmọ rẹ̀ àtijọ́ ṣe kí ó sì máa fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Àwòrán àtijọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti fọ́ kọjá àtúnṣe, wọ́n lè rọ òmíràn. Iṣẹ́ ńlá ni, n kò ní fojú kéré rẹ̀. Àmọ́ ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n ni bí ọkọ̀ ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde, ẹ̀rù ìwọ̀n yẹn sì ń bà mí díẹ̀. Ẹ wo 375 MM tó jẹ́ ti Roberto Rossellini, olùdarí eré sinimá. Bọ́dì aláìlórùlé ti Pinin Farina ló kọ́kọ́ gbé wọ̀. Bọ́dì yẹn fara pa, Scaglietti wá lu òmíràn fún un, onórùlé, gẹ́gẹ́ bí Rossellini ṣe fẹ́. Ní 2014, ọkọ̀ yìí gba ipò kìíní ní Pebble Beach, California, níbi ìfihàn ọkọ̀ tó lórúkọ jù láyé, òun sì ni Ferrari àkọ́kọ́ tó gbà á. Bí wọ́n bá ti fi tipátipá dá a padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bọ́dì Scaglietti yẹn ì bá ti wà lórí ààtàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ lẹ́yìn ìbí rẹ̀, ara ọkọ̀ náà ni.

Kì í sì í ṣe ohun tó dùn nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí wọn. Eré ìje Mille Miglia bẹ̀rẹ̀ ní 1927: láti Brescia dé Róòmù àti àbọ̀, nǹkan bí 1,600 kìlómítà, lórí títì tí àwọn ará ìlú ń rìn, láàárín ilé àti ọjà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1957, lẹ́bàá Guidizzolo, táyà Ferrari 335 S tí Alfonso de Portago ń wà bẹ́. Òun àti Edmund Nelson tó jókòó tì í kú, èèyàn mẹ́sàn-án tó dúró wòran náà kú, ọmọdé márùn-ún wà nínú wọn. Eré ìje náà parí síbẹ̀. Wọ́n gbé Enzo lọ sílé ẹjọ́, ọdún 1961 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Orúkọ Mille Miglia ti padà wá láyé òde òní, àwọn ọkọ̀ àtijọ́ irú èyí tó sáré nígbà náà ni wọ́n ń gbà wọlé, kì í ṣe eré àsápajúdé mọ́. Inú mi dùn sí i, torí ọkọ̀ tí kò bá rìn ń kú ni: rọ́bà inú rẹ̀ á gbẹ, epo á dì, písítìn á lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí àwòrán wọn níbi tí wọ́n ti ń dán gbinrin kọjá láàárín ìlú, tí àwọn ọmọdé ń juwọ́ sí wọn, ọkàn mi máa ń lọ sí Guidizzolo. Ọ̀dà tuntun ò lè sọ ìyẹn fún ẹni tó ń wòran.

Ọ̀kan kù tí n kò lè fi sílẹ̀. Enzo ní ọmọkùnrin kan, Alfredo, tí wọ́n ń pè ní Dino. Ó kú ní 1956, ọmọ ọdún 24. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọkọ̀ kékeré kan tó ní sílíńdà mẹ́fà, Dino 246. Ní 1974 ẹnì kan ní Los Angeles kéde pé wọ́n jí tòun gbé, adójútòfò sì san owó. Ní 1978, wọ́n ní àwọn ọmọdé ló ń gbẹ́ ilẹ̀ ṣeré lẹ́yìn ilé kan tí ohun èlò wọn fi kan irin. Ọlọ́pàá dé, wọ́n hú u: Dino ni, odindi, nínú ilẹ̀. Ẹni tó sin ín tilẹ̀ ki aṣọ ìnura bọ àwọn ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, bí ẹni pé ó ń bọ̀ wá gbé e.

Ọkọ̀ náà padà rí olówó tó tún un ṣe, ó ń rìn lójú títì. Wọ́n kùn ún, wọ́n sì tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sí nọ́ńbà rẹ̀ ni "DUG UP", pé ilẹ̀ ni wọ́n ti wú u jáde.